Ikọ́ Kan Nínú Bọ́ọ̀sì Tákíè sí Owódé

Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń kúrò ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò sì já èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Owódé, Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó lu aago ìpéjọ àárọ̀ ní ilé ìwé. Olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan, àti ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Akẹ̀sán. Ìparí oṣù ni wọ́n jọ ń dáwó fún awakọ̀, nítorí náà ọkọ̀ náà kì í gbé èrò ojú ọ̀nà. Èrò kan náà, ìjókòó kan náà, lálọ lábọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe. Ohun tó gbé mi dé inú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ni pé ní oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń jà, wọ́n rí ikọ́ ife lára ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà. Ọkùnrin ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà Kérésìmesì. Gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní kó lo àgbo, àwọn kan á na súwíìtì sí i látẹ̀yìn, òun náà á ní eruku ni. Nígbà tó wá ń rù, tí òógùn ń bò ó lóru nínú òtútù ọyẹ́, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ GeneXpert yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì jáde lọ́jọ́ kan náà.

Eruku tó ń sọ kì í ṣe àwáwí o. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n: tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì, ibi tí wọ́n ti tú ọ̀nà níwájú. Tí ọyẹ́ bá tún wá dé, ẹni tó wọ aṣọ funfun kúrò ní Tákíè á dé Owódé bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ náà pa, tí wọ́n á sì tan éésì. Owó éésì wà nínú owó tí wọ́n ń dá. Ìyì ni fún wọn pé àwọn kì í wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń jẹ eruku.

Ìròyìn náà kò pẹ́ tó fi tàn. Àwọn kan ò wọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó kù ní kí awakọ̀ fọ ọkọ̀, kó mọ́ nigín-nigín. Awakọ̀ náà sa ipá rẹ̀. Ó fi jíìkì nu gbogbo àga, ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó nu irin tí wọ́n ń dì mú, ó wá so nǹkan olóòórùn dídùn mọ́ dígí iwájú. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wò ó, kí n sì bá wọn fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ ti dára.

Mi ò fọwọ́ sí i, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife, èyí tí Robert Koch ará Jámánì fi han ayé ní 1882, kì í ti orí àga mú ènìyàn. Kì í ti ara owó, ife omi tàbí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Tí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn-tín máa ń bá èémí rẹ̀ jáde. Àwọn tó tóbi á já bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kéré jù á ti gbẹ kí wọ́n tó délẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù nínú wọn kò sì wúwo tó láti balẹ̀. Á máa léfòó kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò bá rìn. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń mí in sínú.

Ẹ̀rí èyí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, William Wells àti Richard Riley ṣe iṣẹ́ kan ní Baltimore, Amẹ́ríkà. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ láti inú wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ikọ́ ife gba inú páìpù lọ sí yàrá kan lókè, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹran kékeré tó jọ eku sí, àwọn tí òyìnbó ń pè ní guinea pig. Àwọn ẹran náà kò fojú kan aláìsàn rí, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, síbẹ̀ àrùn náà mú nínú wọn. Yàrá kejì tún wà. Afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù kan náà ló ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi iná ultraviolet, irú iná tó ń pa kòkòrò àrùn, tàn án nínú páìpù kó tó débẹ̀. Kò sí èyí tí àrùn mú nínú àwọn ẹran yàrá kejì yìí. Mi ò mọ bí ẹni tó gbọ́ èyí ṣe lè tún máa fi gbogbo owó rẹ̀ ra jíìkì.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, kí wọ́n má yí ohunkóhun padà. Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ladoke Akintola yá mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka gáàsì carbon dioxide, èyí tí gbogbo wa ń mí síta. Gáàsì yìí kọ́ ni àrùn. Ohun tó wúlò fún ni pé ó ń sọ iye èémí àwọn ẹlòmíràn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń fà símú. Níta gbangba, ó máa ń jẹ́ nǹkan bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú èémí tó ń ti ẹnu ènìyàn jáde, ó tó 40,000. Tí nọ́ńbà náà bá ń gòkè nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ìta kò wọlé tó.

Kí aago mẹ́fà tó lù, èrò ti ń wọlé. Awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì àti éésì sílẹ̀, nítorí òtútù wà níta, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró nínú rẹ̀. A ń dúró de àwọn tó pẹ́. Kí táyà tó yí rárá ní Tákíè, ẹ̀rọ ti kọjá 2,000. Nígbà tí a ó fi dé Odò Ọbà, ó ti lé ní 4,000. Mo fi bébà ṣírò rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó jókòó tì mí: tó bá ti tó 4,200, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú ló ti kọ́kọ́ wọnú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ yẹn, tó sì ti jáde. Ó wojú mi. Ó ní, "Wolé-wolé, ẹ ń sọ pé èémí ara wa là ń pín mí látàárọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yọ ìbòmú rẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó wọ̀ ọ́, kò sì bọ́ ọ títí a fi dé Owódé.

Ní Owódé, lẹ́yìn tí gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀, ni èmi àti awakọ̀ jókòó síwájú, tí mo ní kó fi bọ́tìnnì éésì rẹ̀ hàn mí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní bọ́tìnnì yìí, àwòrán méjì ló sì máa ń wà níbẹ̀. Nínú èkíní, ọfà kan tẹ̀ kọrọdọ nínú àwòrán ọkọ̀, kò jáde síta: afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà ló ń tún fà, tó ń tutù, tó sì ń fẹ́ padà sójú èrò. Nínú èkejì, ọfà náà ti ìta wọnú ọkọ̀: afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà. Èkíní ni awakọ̀ yìí ń lò láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀. Ó ní òun ló ń tètè tutù, irọ́ kọ́ sì ni. Ihò éésì tó wà lókè lẹ́yìn, lórí àwọn èrò, kò tilẹ̀ ní ọ̀nà kankan sí ìta. Ohun tó bá bá nínú ọkọ̀ ló ń yí kiri. Gbogbo ohun tó tutù lójú wọn yẹn, èémí ara wọn ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Ningbo fún un. Ní oṣù Kìíní 2020, bọ́ọ̀sì méjì kó àwọn olùjọsìn lọ sí ayẹyẹ ẹ̀sìn kan ní ìlú Ningbo, ní agbègbè Zhejiang ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀. Ènìyàn 68 ló wà nínú ọ̀kan, ẹnì kan nínú wọn ti ní kòrónà láìmọ̀. Éésì wọn wà lórí ọfà tó tẹ̀ kọrọdọ. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò lẹ́yìn náà, 24 nínú àwọn 68 náà ló ní in, òun náà wà nínú ìṣirò. Àwọn 60 tó wà nínú bọ́ọ̀sì kejì ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan tó ní in. Àwọn kan tó jìnnà sí aláìsàn náà nínú bọ́ọ̀sì pàápàá kó o, àmọ́ awakọ̀ àti ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò kó o, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì kó o nínú àwọn tó jókòó ti fèrèsé tó ṣeé ṣí.

Awakọ̀ gbọ́ ọ títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò sí nínú ewu nìyẹn, ọ̀gá. Ẹ wò ó, mo máa ń ṣí fèrèsé tèmi díẹ̀, kí n lè rí atẹ́gùn."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ló mú mi dé ìdí ọ̀ràn náà gan-an. Mo ra òwú ìránṣọ, mo gé e wẹ́wẹ́, mo so ó mọ́ etí gbogbo fèrèsé tó ṣeé ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, òwú fèrèsé awakọ̀ nà tàn-àn síta. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí awakọ̀ rò pé atẹ́gùn ìta tó ń bọ̀ wá bá òun ni, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tó ń sá jáde ni, ojú rẹ̀ ló sì ń gbà kọjá. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ti fi kọ̀ǹpútà ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún mọ́tò kékeré nígbà kòrónà, wọ́n sì rí i pé tí fèrèsé iwájú àti ti ẹ̀yìn bá jọ ṣí, ti ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà wọlé, tí yóò sì gba ti iwájú jáde. Eré ọkọ̀ ló ń fà á: bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ kọjá lára iwájú ọkọ̀ ló ń fa ti inú jáde. Mo fi òwú náà han awakọ̀. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bọ́ sílẹ̀, ó wo òwú náà, ó tún wọlé wò ó, ó ní, "A jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń wúkọ́ sí mi lójú." Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń bá èrò jà kí wọ́n ṣí fèrèsé, kì í ṣe èmi.

Ṣùgbọ́n fèrèsé wo ni wọ́n fẹ́ ṣí? Nínú fèrèsé mẹ́rin tó yẹ kó máa fà lọ fà bọ̀, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà ọ̀kan ti yọ́ nínú oòrùn, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù dí èkejì pátápátá nítorí omi òjò tó ń jò wọlé. Gíláàsì ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí olùkọ́ náà máa ń jókòó sí, kò ṣeé ṣí rárá; bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Jágùn fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gé gọ́ọ̀mù náà, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fi ọ̀rá sí ojú irin. Ó wá tú àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀, ó fa fíítà éésì jáde. Awakọ̀ kò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò... mi ò ní sọ ju èyí lọ: ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀, òkú aáyán wà nínú rẹ̀, eruku sì ti dí i débi pé bí awakọ̀ tilẹ̀ yan ọfà tó ń ti ìta wọlé, afẹ́fẹ́ kékeré ni ì bá rí fà. Wọ́n fi tuntun síbẹ̀.

Ìjà gidi wà lọ́dọ̀ àwọn èrò. Ìyá elélùbọ́ ni agbẹnusọ wọn. Ó ní, "Wolé-wolé, ẹ ò fẹ́ kí ikọ́ pa wá, ẹ wá fẹ́ kí eruku pa wá." Mi ò lè bá ìyá jiyàn lórí ìyẹn, torí eruku ọyẹ́ náà ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní ibi, pàápàá fún ẹni tó ní asimá, àwọn méjì sì wà nínú ọkọ̀ tó ní in. Ibi tí a fi àdéhùn sí ni pé éésì yóò wà lórí ọfà tó ń ti ìta wọlé, kí fáànù rẹ̀ sì wà lókè pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ ń kọjá nínú fíítà. Fèrèsé méjì lẹ́yìn yóò ṣí ní ìwọ̀n ìka méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ti iwájú náà yóò ṣí bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tú ọ̀nà, wọn á fà á pa. Tí wọ́n bá ti kọjá, wọn á fà á ṣí. Olùkọ́ méjì tó jókòó ti fèrèsé ẹ̀yìn ló gba iṣẹ́ yẹn.

Èyí tó ṣòro jù fún wọn ni ti Tákíè. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú ọkọ̀ tí a ti pa dé láti fi dúró de ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan kò ní eré tí yóò fi fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ní oṣù Kẹta 1977, ní Alaska, bàálù kan tó gbé ènìyàn 54 bàjẹ́ nílẹ̀, ó sì dúró fún wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ń ṣàìsàn fulú nínú wọn. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, èrò 72 nínú ọgọ́rùn-ún ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí mo sọ èyí, wọ́n gbà kí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wà ní ṣíṣí títí èrò yóò fi pé. Wọ́n ń wọ súwẹ́tà wá báyìí. Àwọn tó máa ń pẹ́ náà sì ti ń tètè dé, nítorí ojú àwọn tí òtútù ń mú kò rọgbọ sí wọn mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún gbé ẹ̀rọ náà wọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, kò ju 900 lọ. Ní ibi tí wọ́n ti fa fèrèsé pa nítorí eruku ó gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀ kété tí wọ́n ṣí i. Nínú sún kẹẹrẹ ẹnu odi Ọ̀yọ́ ó sún mọ́ 1,500, mo sì rò pé kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé pátá níbẹ̀, torí ọkọ̀ kò sáré tó.

Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dáwó ra iná ultraviolet sínú ọkọ̀, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn Baltimore lẹ́nu mi. Mo kọ̀ ọ́. Inú páìpù ni iná tiwọn wà, níbi tí ojú ènìyàn kankan kò dé. Nínú bọ́ọ̀sì tí òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí, irú iná tí wọ́n ń tà kiri lè jó ojú àti awọ ara. Ti asẹ́ HEPA inú bàálù, tó ń mú 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohun tó kéré tó 0.3 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá kò sí nínú ọkọ̀ yìí. Fèrèsé wà.

Ní ti olùkọ́ náà fúnra rẹ̀: oṣù mẹ́fà ni yóò fi lo oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ikọ́ ife ní Nàìjíríà. Tí oògùn náà bá ń ṣiṣẹ́, tí ènìyàn sì ń lò ó déédéé, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kì í sábà ran ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn ìdènà. Wọ́n yẹ gbogbo èrò ọkọ̀ wò. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kò pọn dandan, ó ní ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún bàálù ń sọ nípa ìrìn àjò wákàtí mẹ́jọ sókè. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni èrò bàálù ń jókòó pọ̀ tí wọ́n á sì tú ká. Àwọn wọ̀nyí ń lo ju wákàtí mẹ́wàá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan nínú àpótí tí wọ́n dé pa, ikọ́ náà sì ti wà níbẹ̀ láti Kérésìmesì. Ó gbà. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí àrùn náà ti hàn lára rẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ lè sùn sínú ara fún ọdún púpọ̀, nítorí náà mo ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kó má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò.

Nígbà tí dókítà ní kí olùkọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan ní kó lọ wá ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀, tí a mọ̀, tí a ń tọ́jú, kò léwu tó ẹni tó ń wúkọ́ láìmọ̀ nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Tí a bá lé e, ẹlòmíràn tí ikọ́ bá tún ń ṣe á dákẹ́, kó má bàa pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ìyá elélùbọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ó wá jókòó ti fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni gíláàsì ìlà ẹ̀yìn, tí wọ́n fẹ́ gé kí wọ́n sì fi èyí tó ń fà síbẹ̀; wọn ò tíì dá owó rẹ̀ pé. Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì pé kí wọ́n bá mi yẹ fèrèsé àti bọ́tìnnì éésì gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ wò. Wọ́n fèsì pé àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí bí ọkọ̀ yìí yóò ṣe ṣe é nígbà òjò, nítorí kò sí èrò tí yóò jẹ́ kí omi rọ̀ sí òun lára. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Oṣù Keje la fi àdéhùn sí, èmi yóò sì gbé ẹ̀rọ náà wá.